Kí Owó Àjọ Tó Jáde: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀rá, Ajílẹ̀ àti Tòmátì

A bá àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ yọ̀, a sì bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Orúkọ gbogbo wọn wà ní ojú ewé ìròyìn ìdílé. Ọ̀rọ̀ tiwa ní abala yìí jẹ mọ́ owó, nítorí náà a bẹ̀ yín kí ẹ kà á dé òpin.

Gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú yín ti gbọ́, àwọn ìyá wa ti dá owó àjọ jọ, wọ́n sì ti fẹnu kò pé tòmátì ni wọn yóò gbìn ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan ra àpò ajílẹ̀ yúríà kan, kí wọ́n sì ra ọ̀rá dúdú, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ bo orí ebè. Àwọn kan ní kò sí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kan sì ní ọ̀rá yóò se gbòǹgbò jinná, pé ajílẹ̀ òyìnbó sì ń ba ilẹ̀ jẹ́. Wọ́n wá bi wá léèrè ohun tí àwa rí sí i. Èsì wa ni pé àwọn méjèèjì ní òtítọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ilé kan má ṣe ra odindi àpò kan o. Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀.

A kọ́kọ́ yin àwọn ìyá fún èrò tí wọ́n gbà. Kò sí ẹni tó ń dáná nínú wa tó lè gbàgbé ọdún 2016. Kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ya wọ oko tòmátì ní ìhà Àríwá, ó jẹ ewé, ó jẹ èso. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde pé ọ̀rọ̀ tòmátì ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Àwọn ọlọ́jà sọ kòkòrò náà ní Ebola tòmátì. Iléeṣẹ́ Dangote tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lọ tòmátì ní Kadawa, ní ìpínlẹ̀ Kano, dáwọ́ dúró nítorí pé kò rí tòmátì rà tó. Àwa tí a wà ní etí odò níhìn-ín, tí tòmátì wa ń gun ọkọ̀ láti òkè wá, ọbẹ̀ wa ni ìyà náà wá já lé. Ẹni tó bá ní ebè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé kò ní gbára lé ọkọ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Iwofe kì í ṣe ilẹ̀ Kano. Òjò tó ń rọ̀ ní Port Harcourt lọ́dún lé ní 2,000 mílímítà. Ti Kano kò tó ìdajì rẹ̀. Ilẹ̀ wa níhìn-ín jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn, ó sì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ohun tí a bá dà sí i kì í pẹ́ níbẹ̀. Èyí ni kókó tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́.

Kí ni ó wà nínú ajílẹ̀ tí a ń sọ? Naitirójìn ni. Òun ni ó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀ kí igi sì sáré dàgbà. Ó kún inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, àní nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́, bíi ìdá 78 ni naitirójìn. Ṣùgbọ́n igi tòmátì kò lè fà á mu láti inú afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1909 ni Fritz Haber, ará Jámánì, rí ọ̀nà tí a fi lè mú un. Carl Bosch sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá ní iléeṣẹ́ kan ní Oppau ní 1913. Iṣẹ́ yìí kan náà ni ó wà ní ìtòsí wa. Ní Onne ni iléeṣẹ́ ajílẹ̀ ìjọba, NAFCON, ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe yúríà ní 1987. Ní 2005 ìjọba tà á, ó sì di Notore. Ní Eleme, Indorama bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016. Gáàsì inú ilẹ̀ Náíjíríà ni wọ́n ń fi ṣe é. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní ajílẹ̀ òyìnbó, ará àdúgbò wa ni.

Nínú 100 kílò yúríà, 46 ni naitirójìn. Ó lágbára púpọ̀. Àpò ajílẹ̀ tí wọ́n kọ NPK 15-15-15 sí lára ní 15 péré nínú 100. Ìyókù jẹ́ ohun tó ń mú gbòǹgbò àti èso dára. Ẹni tó bá ń wọn yúríà bí ẹni ń wọn NPK ti fi ìlọ́po mẹ́ta lé ohun tó yẹ.

Àwa tí a ń kọ ìwé ẹrù ní ojú irin mọ̀ pé ẹrù tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní ibi tó gbà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni naitirójìn. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ó ń gbà kúrò ní ebè gbalasa tí kò ní ìbora. Èkíní, igi tòmátì mu ún. Èyí ni a fẹ́. Èkejì, bí a bá da yúríà sí orí ilẹ̀ tútù tí oòrùn sì ràn lé e, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò di òórùn gbígbóná tó ń ta ni nímú, yóò sì fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹta, èyí tó bá yọ́ wọ ilẹ̀ kì í pẹ́ yí padà di ohun tí ilẹ̀ kò lè dì mú, òjò á sì wọ́ ọ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò kò dé. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ ìhà ibí fi máa ń dà á lé e lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn òjò ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ọ̀rá náà wò. Ní 1933 ni àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe alábàápàdé ohun tí a fi ń ṣe irú ọ̀rá yìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Emery Emmert, olùkọ́ ní Yunifásítì Kentucky ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún ọ̀gbìn, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn kálẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀rá ń ṣe lórí ebè pọ̀: kì í jẹ́ kí koríko hù, kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gbẹ kíákíá, kì í jẹ́ kí èso tòmátì fara kan ẹrẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí òjò lu ilẹ̀ tààrà. Gbogbo èyí dára fún wa.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó dára fún wọn níbẹ̀ tí kò dára fún wa. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ wọn ṣì tutù ju ohun tí tòmátì fẹ́ lọ. Ọ̀rá dúdú ń mú oòrùn sára, ó sì ń mú ilẹ̀ náà móoru. Ta ni nínú wa tó nílò kí ilẹ̀ Iwofe tún gbóná sí i ní oṣù Kejì ọdún? Ní ọ̀sán gangan, ilẹ̀ gbalasa nílẹ̀ wa lásán lè gbóná dé ìwọ̀n 40 Sẹ́síọ́ọ̀sì. Níhìn-ín ni àwọn àgbà tó ní yóò se gbòǹgbò jinná ti ní òtítọ́ lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rá ni ẹ fẹ́ dandan, ẹ béèrè èyí tí ojú òkè rẹ̀ funfun tàbí tó ń dán bíi fàdákà, tí inú rẹ̀ sì dúdú. Ojú funfun ń dá oòrùn padà, inú dúdú kì í jẹ́ kí koríko hù. Èyí tó ń dán bíi fàdákà tún ń da ojú àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ funfun rú, àwọn tó ń fa omi ewé mu tí wọ́n sì ń gbé àrùn tó ń ká ewé tòmátì jọ kiri. Ẹ má ṣe rán ọ̀rá píọ̀ wọ́tà pọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, koríko yóò sì máa hù lábẹ́ rẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rá àti ajílẹ̀ ti pàdé nìyí, ibẹ̀ gan-an ni a sì ti ń bẹ̀rù fún owó àjọ. Ọ̀rá ti dí ojú ọ̀nà tí òjò ń gbà wọ́ naitirójìn lọ. Ohun tí ẹ bá fi sí abẹ́ rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò wà. Ẹni tó bá wá fi ìwọ̀n ajílẹ̀ ebè gbalasa sí ebè tó bò, ewé ni yóò kórè. Igi yóò ga, ewé yóò dúdú minimini, àwọn aládùúgbò yóò máa kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òdòdó yóò máa rẹ̀ dànù, èso yóò pẹ́, èyí tó bá sì so yóò rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ìdí rẹ̀ yóò tún dúdú tí yóò sì jìn wọnú. Ìdí dúdú yẹn kì í ṣe àfọwọ́fà ọ̀tá, kì í sì í ṣe iṣẹ́ kòkòrò. Èròjà kálísíọ́ọ̀mù ni kò dé ìdí èso tó, nítorí pé omi ń wá ó ń lọ, tàbí pé naitirójìn ti pọ̀ jù. Ìbora ń wo ìdajì àrùn náà sàn nítorí pé ó ń jẹ́ kí omi dúró déédéé. Àpọ̀jù yúríà a sì tún dá a padà. Àwọn àgbà ní àṣejù baba àṣetẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ẹ mú ebè kan tó fẹ̀ ní mítà 1 tó sì gùn ní mítà 10. Yóò gba bíi igi tòmátì 30. Fún irú ebè bẹ́ẹ̀ láìsí ìbora, 80 gíráàmù naitirójìn jẹ́ ìwọ̀n tó mọ́gbọ́n dání. Ẹ lè rí ìdajì rẹ̀ nínú 270 gíráàmù NPK 15-15-15 ní ìgbà ìgbìn, kí ẹ sì rí ìdajì tó kù nínú 90 gíráàmù yúríà, èyí tí ẹ ó pín sí ẹ̀ẹ̀mejì: 45 nígbà tí òdòdó bá yọ, 45 nígbà tí èso àkọ́kọ́ bá tó ọmọ ayò. Bí ẹ bá bo ebè náà, ẹ kọ́kọ́ dín in kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta: 180 gíráàmù NPK, àti yúríà 30 lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wo ojú ewé. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, tí omi kò sì dá rogún sí ìdí igi, ẹ fi díẹ̀ kún un. Bí ewé bá dúdú tó sì nípọn, ẹ dáwọ́ dúró.

Ó wá dọ̀rọ̀ owó. Ká sọ pé ilé 40 ló gbìn, ebè 2 fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ebè 80 ni. Bí kò tilẹ̀ sí ìbora kankan, NPK tí gbogbo ebè wọ̀nyí yóò lò kò tó kílò 22, yúríà kò sì ju kílò 7 lé díẹ̀ lọ. Àpò NPK kan àti àpò yúríà kan, oníkílò 50, ti tó gbogbo ẹgbẹ́, yóò sì ṣẹ́kù. Àbá tó wà nílẹ̀ ní kí a ra àpò yúríà 40! Yúríà tó bá ṣẹ́kù nínú ilé wa tí ọ̀rinrin pọ̀ yóò dì bí òkúta, àbí kí onílé máa dà á sí ìdí tòmátì kí owó má bàa ṣòfò. Òfò kejì yẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ ni kànga. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni omi inú ilẹ̀ kò jìn sí, a sì ń fà á mu. Àpọ̀jù ajílẹ̀ tó bá ro lọ sí ìsàlẹ̀, inú omi yẹn ni ó ń lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà sí i: kí náítréètì má ṣe ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi kan. Ọmọ ọwọ́ tí a ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, nítorí pé ó lè dí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Ètè àti èékánná ọmọ á sì ṣú. Síse omi kì í mú un kúrò. Ẹ̀yin tí ìkómọ yín wà nínú ìwé yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ebè tí ẹ ń fi ajílẹ̀ sí súnmọ́ kànga.

Ní ti ìbora, àwa kò rí ìdí tí a fi ní láti náwó púpọ̀ sí i. Àwọn bàbá wa ń fi koríko gbígbẹ dé orí ebè iṣu bí ẹni dé fìlà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa ọ̀rá. Ní ilé lọ́hùn-ún, ní iléeṣẹ́ ìwádìí IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, Rattan Lal, ọmọ Íńdíà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1970 sí 1987, fi hàn nínú oko pé bíbo ilẹ̀ pẹ̀lú koríko àti àjẹkù ọ̀gbìn ń mú ilẹ̀ tutù, kì í sì í jẹ́ kí òjò wọ́ ọ lọ. Ní 2020 wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Koríko kò dí òjò bí ọ̀rá ti ń dí i, nítorí náà pípín ajílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ṣe kókó lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń tu ilẹ̀ lára, ó sì ń jẹrà di ajílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ìdí igi, kí ìgbín má bàa fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹ má sì ro lẹ́búlẹ́bú pákó tútù láti ilé ìlagi mọ́ ilẹ̀: bí ó ti ń jẹrà ni yóò máa gba naitirójìn mọ́ tòmátì lọ́wọ́.

Ẹni tó bá sì yan ọ̀rá, kí ó rántí pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni a wà. Àwọn ará ibí ni wọ́n gbà wá lálejò. Ọ̀rá kì í jẹrà. Ó ń já wẹ́wẹ́ sínú ilẹ̀, òjò sì ń gbá a lọ dí gọ́tà. Lẹ́yìn ìkórè, kí a ká a, kí a kà á, kí iye tó wọlé bá iye tó jáde mu. Kí ẹnikẹ́ni má sì dáná sun ún. Láti òpin ọdún 2016 ni Port Harcourt ti mọ ohun tí èéfín dúdú ń ṣe sí aṣọ lórí okùn àti sí ihò imú ọmọ. A kò gbọ́dọ̀ fi tiwa kún un.

Ohun kan ṣì wà tí ọ̀rá tàbí ajílẹ̀ kò lè wò. Bí igi tòmátì bá rọ ní ọ̀sán tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, ẹ gé igi náà nítòsí ilẹ̀, kí ẹ ki ojú ọgbẹ́ rẹ̀ bọ inú ife omi mímọ́. Bí ohun funfun bíi omi ẹ̀kọ bá ń ṣàn jáde, àrùn inú ilẹ̀ ni. Ẹ fà á tu, ẹ má ṣe da ajílẹ̀ sí i, ẹ má sì gbin tòmátì, ata tàbí ikàn sí ojú ibẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ilẹ̀ tí omi ń dá rogún sí ni àrùn yìí fẹ́ràn. Nítorí náà ẹ kọ ebè ga, kí ẹ fún irúgbìn ní oṣù Kẹwàá, kí ẹ sì lọ́ ọ ní oṣù Kọkànlá nígbà tí òjò bá ti ń dẹwọ́.

Àbá tiwa rèé fún ìpàdé. Kí ẹgbẹ́ ra àpò NPK kan àti àpò yúríà kan, kí akápò máa wọ̀n ọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Kí gbogbo ilé fi koríko bo ebè wọn. Kí ilé mẹ́ta péré fi ọ̀rá ojú funfun dán ebè kan wò, kí wọ́n da NPK pọ̀ mọ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, kí wọ́n sì máa po yúríà mọ́ omi, 30 gíráàmù nínú garawa omi kan, láti fi bọ́ igi tòmátì 30. Níbi tí kò bá sí ọ̀rá, kí a bo yúríà mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìdí igi, kí a má sì pò ó mọ́ eérú, nítorí pé eérú a máa lé e jáde sínú afẹ́fẹ́. Kí olúkúlùkù kọ iye agbọ̀n tó ká sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta, a ó tẹ iye náà jáde ní abala yìí, ti ọ̀rá lápá kan, ti koríko lápá kejì, nígbà náà ni ẹgbẹ́ yóò mọ̀ bóyá ọ̀rá tó ohun tí a ń náwó lé. Owó tó bá ṣẹ́kù nínú àjọ, kí ó wà ní ọwọ́ àwọn ìyá títí di ìgbà náà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó di oṣù tó ń bọ̀, kí Ọlọ́run mú wa ṣe é o.